Ọjọ́ Orí Tó Wà Lẹ́yìn Káàdì Kóòṣì

Ọmọ mi obìnrin ti pé ọdún mẹ́rìndínlógún nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ní Ìpọ̀nrí, níbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Mo fi ọjọ́ orí rẹ̀ ṣáájú nítorí pé ọjọ́ orí náà gan-an ló dá wàhálà sílẹ̀. Ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù àwọn ọmọbìnrin àdúgbò wa fẹ́ lọ sí ìdíje kan ní Ìbàdàn, fún àwọn tí kò tíì pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ọmọ mi ló mọ bọ́ọ̀lù gbá jù nínú wọn. Kóòṣì wọn bá rán an sí mi pé kí n lọ búra ní kọ́ọ̀tù pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni. Ìwé ìbúra náà gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ òun kó tó di ọjọ́ Ẹtì. Ọjọ́ Ajé la wà.

"Mi ò ní búra irọ́," ni mo wí.

Kò bá mi jiyàn. Ó wọ yàrá, ó mú káàdì kékeré kan jáde, ó gbé e sórí tábìlì níwájú mi. "Kóòṣì ní kí n fi hàn yín, kí ẹ lè mọ irú ẹni tó ń kọ́ mi."

Ọ̀kan nínú àwọn káàdì agbábọ́ọ̀lù tó máa ń wà nínú ṣingọ́ọ̀mù ni. Àbúrò mi kó irú rẹ̀ jọ ní ọdún tí mo jáde ìwé mẹ́wàá, ìyẹn ni mo fi mọ ọdún tí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Etí rẹ̀ ti jẹ, àwọ̀ rẹ̀ ti ṣí. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà nínú rẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ lé bọ́ọ̀lù, irun orí rẹ̀ pọ̀. Kóòṣì ti sanra, orí rẹ̀ ti pá, mi ò sì dá a mọ̀ rí. Àmọ́ mo mọ ojú inú káàdì yẹn. Ọdún tí mo wọ sẹ́kọ́ńdìrì, ọkùnrin yẹn ti ń ṣe tíṣà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò.

Mo yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Wọ́n kọ ipò tó ń gbá, wíńgà ọ̀tún, wọ́n sì kọ ọjọ́ orí rẹ̀: mọ́kàndínlógún. Mo mú bírò. Bí ó bá jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún nígbà tí mo jáde ìwé mẹ́wàá, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni nígbà tí mo wọ sẹ́kọ́ńdìrì ní ọdún márùn-ún ṣáájú. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá tó nírùngbọ̀n, tó ń na àwọn ọmọ ọdún méjìlá pé wọn kò mọ ìṣirò.

Lọ́jọ́ kejì, ní aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo bá a ní pápá.

"Ìyá wa, ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Ẹ ti búra ni?"

"Ọmọ ọdún mélòó ni yín nígbà tí wọ́n ya fọ́tò yìí?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Tilé àbí ti bọ́ọ̀lù?"

"Tilé."

"Mẹ́rìnlélógún. Ẹ má jẹ́ káwọn ọmọ yìí gbọ́ o."

Ó sọ ọ́ fún mi bí ẹni ń sọ ìtàn ẹlòmíràn. Ó lọ síbi tí ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù ilé iṣẹ́ ńlá kan ti ń yan agbábọ́ọ̀lù. Akọ̀wé wọn ní ó ti dàgbà jù, akọ̀wé náà fúnra rẹ̀ ló sì gé ọdún márùn-ún kúrò nínú ọjọ́ orí rẹ̀. Ilé iṣẹ́ náà gbà á síṣẹ́, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nígbà náà: láàárọ̀, á wà níbi tí wọ́n ń kó ọjà pa mọ́ sí, lọ́sàn-án, á lọ gbá bọ́ọ̀lù. Sáà mẹ́rin ló gbá. Ní sáà kẹta, orúnkún rẹ̀ yẹ̀. Kóòṣì wọn ní ara ọmọ ọdún mọ́kànlélógún kì í pẹ́ san, ó dá a padà sí pápá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kò lè sọ pé mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni òun. Nígbà tí orúnkún náà wá kọ̀ pátápátá, ilé iṣẹ́ ní kó mú sáítífíkéètì wá kó lè máa bá iṣẹ́ lọ. Sáítífíkéètì tíṣà ló ní, ọjọ́ ìbí tòótọ́ ló sì wà nínú rẹ̀.

"Wọ́n bi mí pé èwo nínú ọkùnrin méjèèjì ni mí," ó wí. "Wọ́n ní káwọn méjèèjì máa lọ."

"Ohun tí ẹ wá fẹ́ fi ọmọ mi ṣe nìyẹn?"

Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. "Ìyá wa, ká ní akọ̀wé yẹn ò gé e ni, ǹ bá má gbá sáà kan ṣoṣo. Ẹ rò ó dáadáa kí ẹ tó gba irú àǹfààní yẹn lọ́wọ́ ọmọ yìí."

Àwáwí ni mo ti ń retí. Òótọ́ ló fún mi, mi ò sì mọ ibi tí màá gbé e sí.

Ní Ọjọ́bọ̀, ọmọ mi bẹ̀ mí títí mo fi mú un lọ sí kọ́ọ̀tù. Títí tí a fi débẹ̀, mi ò tíì mọ ohun tí màá sọ. Akọ̀wé kọ́ọ̀tù ti ki bébà bọ inú taípúráítà.

"Ọjọ́ wo lẹ bí i?"

Ọmọ mi ń wo ẹnu mi.

"Ìyá, ṣé ẹ̀yin lẹ bí i àbí èmi?"

Mo sọ ọjọ́, oṣù àti ọdún, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sínú ìwé ilé ìwòsàn. Ó tẹ̀ ẹ́. Mo fọwọ́ sí i.

Bí a ṣe ń padà lọ sílé, ọmọ mi ṣáájú mi, kò sì bojú wẹ̀yìn. Ní ẹnu ọ̀nà ló tó sọ̀rọ̀: "Mọ́mì, ọdún méjì péré ni mo tọrọ." Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí Ìbàdàn láìsí i. Fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, kò sọ ju ẹ káàárọ̀ àti ẹ kú alẹ́ lọ fún mi.

Ibì kan ṣoṣo tó kù tí Kóòṣì lè fi í sí ni ẹgbẹ́ àwọn àgbà, àwọn obìnrin tí díẹ̀ nínú wọn ti bímọ. Mo lọ wo eré rẹ̀ àkọ́kọ́ ní Yábàá. Kò tíì pẹ́ tó wọlé tí obìnrin síngbọnlẹ̀ kan fi èjìká gbá a, ọmọ mi sì fi ẹ̀gbẹ́ lulẹ̀. Kó tó di pé mo mọ̀, mo ti kọjá ìlà ẹfun. Ó gbójú sókè láti ilẹ̀, ó rí mi, ó na àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sí mi pé kí n dúró.

Mo padà sẹ́yìn ìlà. Ó dìde, ó gbọn iyẹ̀pẹ̀ ara rẹ̀ nù, ó sáré tẹ̀ lé bọ́ọ̀lù. Eré ku ìṣẹ́jú mẹ́tàlélógún. Mo dúró wo gbogbo rẹ̀.