Ọgbọ́n Ìjàkadì Bàbá Mi tí Mo Sọ Di ti Japan

Mi ò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ nígbà tí bàbá mi kọ́kọ́ gbé mi ṣánlẹ̀ lórí iyanrìn ẹ̀yìn ilé wa ní Òkè-Ògùn. Ẹ má rò pé ó ń nà mí o. Ìjàkadì ló ń kọ́ mi. Nígbà yẹn, bí wọ́n bá ti wa iṣu tán, abúlé kan á pe abúlé kejì jáde, àwọn ọkùnrin á fi òróró para kí ọwọ́ má baà rí wọn dì mú, gbogbo wa á sì máa wo ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ máa kanlẹ̀. Ẹ̀yìn bàbá mi kì í kanlẹ̀. Ó ní ọgbọ́n kan tí ẹlòmíràn kò mọ̀: á ti èjìká bọ abẹ́ apá ẹni tó ń bá a jà, á fi gìgísẹ̀ kọ́ ọ lẹ́sẹ̀ láti ẹ̀yìn, á wá yí ìbàdí. Ẹni tó ṣubú á máa wẹ̀yìn wò bóyá ẹnì kan ló ti òun. Ìdí nìyẹn tó fi pè é ní Wẹ̀yìnwò. Èmi nìkan ló fi kọ́.

Inú ń bí mi bí mo ṣe ń sọ ọ́ fún yín yìí, ẹ̀yin ọmọ, ẹ má jẹ́ kí n fi bò.

Nígbà tí mo di géńdé, iléeṣẹ́ aṣọ tí mo ń bá ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn rán mi lọ sí Osaka ní Japan láti lọ kọ́ àtúnṣe ẹ̀rọ. Bí mo bá ṣíwọ́, mo máa ń lọ sí gbọ̀ngàn kan tí wọ́n ti ń kọ́ júdò, ìjàkadì tiwọn. Oṣù mẹ́ta gbáko ni gbogbo wọn fi ń dá mi. Ẹ̀wù funfun tó nípọn ni wọ́n ń wọ̀, ọrùn ẹ̀wù yẹn ni wọ́n sì ń dì mú. Èmi tí mo mọ ara olóróró nìkan, kí ni mo fẹ́ fi aṣọ ṣe? Lọ́jọ́ kan ṣá, mo di ọrùn ẹ̀wù ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá mú bíi tiwọn, mo sì fi gìgísẹ̀ bàbá mi kọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Ó lọ sílẹ̀ gbì!

Olùkọ́ dá gbogbo wa dúró. Àgbàlagbà ni, orí rẹ̀ funfun báláú. Ó bi mí níwájú gbogbo wọn pé níbo ni mo ti kọ́ ọ. Ta ni ọmọ tí wọ́n tọ́ bíi tiwa tó máa wo ojú àgbà láàárín àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, kó ní òun mọ ohun tí wọn ò mọ̀? Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, mo fi ìwọ̀nba èdè wọn tí mo gbọ́ sọ pé òun ló kọ́ mi. Nílé wa, àgbà á mọ̀ pé ọ̀wọ̀ nìyẹn, á rẹ́rìn-ín, á tún bi mí lẹ́ẹ̀kejì. Èyí gbà á gbọ́ pátápátá. Ó fún ọgbọ́n náà lórúkọ ní èdè wọn, ó wá ń mú mi wọ ọkọ̀ ojú irin kiri, Kyoto, Nagoya, Hiroshima, kí n máa fi han àwọn gbọ̀ngàn mìíràn pé ọ̀dọ̀ òun ló ti jáde. Wọ́n á pàtẹ́wọ́. Èmi á máa tẹríba bí aláǹgbá.

Ìyẹn ṣì ṣeé gbójú fò. Nígbà tí mo dé Malton, ní Canada níbí, tí mo ń kó ẹrù nínú ilé ìkẹ́rùsí lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápákọ̀ òfurufú, mo máa ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ mọ́sáláṣí wa ní ìjà lọ́jọ́ Sunday, nínú yàrá ìsàlẹ̀. Wọ́n bi mí níbi tí mo ti kọ́ ọ. Mo ní Japan. Kò sí àgbà kankan níbẹ̀ tí mo ń bọ̀wọ̀ fún. Mo kàn rò pé bí mo bá dárúkọ àgbẹ̀ Òkè-Ògùn kan, wọn ò ní padà wá ni.

Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ yẹn ti ní gbọ̀ngàn tirẹ̀ ní Markham báyìí, ibẹ̀ ni ọmọ-ọmọ mi obìnrin ti ń kọ́ ìjà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo bá a lọ. Mo rí àwòrán Wẹ̀yìnwò lára ògiri, orúkọ Japan gàdàgbà lábẹ́ rẹ̀. Mo gbaná jẹ. Mo bú ọmọkùnrin náà níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, mo pè é ní olè, mo ní ó jí ohun ìní bàbá mi.

Ó dọ̀bálẹ̀. "Uncle, ẹ má bínú, sà. But ẹ̀yin lẹ sọ fún wa nígbà yẹn pé Japan ni. I wrote it down." Ó ṣí ìwé àtijọ́ kan hàn mí. Ọ̀rọ̀ mi ni, gẹ́lẹ́ bí mo ṣe sọ ọ́.

Mo ní irọ́ ni, mi ò sọ bẹ́ẹ̀ rí.

Ó wò mí. Ó pa ìwé náà dé, ó yíjú sí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. "Uncle is right. Èmi ni mo ṣì í kọ. My mistake." Ó já àwòrán náà kúrò, ó ní kí n sọ orúkọ bàbá mi kí òun kọ ọ́ síbẹ̀. Mo sì sọ ọ́.

Nínú ọkọ̀, ọmọ-ọmọ mi ní, "Grandpa, he didn't make any mistake. I saw the book." Mo pariwo mọ́ ọn pé kò gbọdọ̀ bá àgbà sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Láyé tiwa, bí ọmọdé bá rí i pé àgbà ń purọ́, á gbẹ́nu dákẹ́, ó tilẹ̀ lè gba ẹ̀bi náà rù. A ń pè é ní ẹ̀kọ́ ilé. Àwọn ọmọ tí a bí síbí kì í dákẹ́, ó sì ti pẹ́ tí mo ti ń bú Canada nítorí rẹ̀. Láti ọ̀sẹ̀ yẹn, èmi gan-an ni mo ń bí ara mi nínú. Sátidé ni wọ́n tún máa ṣí gbọ̀ngàn náà. Màá lọ, màá ní kí ọmọ-ọmọ mi jókòó síwájú, màá sì sọ fún gbogbo wọn pé ọmọkùnrin yẹn kò ṣì í kọ. Èmi ni mo purọ́.