Kẹ́tù Tíì Tí Mo Rù Gun Òkè

Lójú ìyá mi ní Ògìdì, ọmọ tí àgbà bu kúnú fún tó wá ṣẹ́ ẹ kù, kò lẹ́kọ̀ọ́ ni. Yóò bi ọ́ pé ta lo ṣẹ́ ẹ kù fún. Ẹ̀kọ́ ilé yẹn ni mo gbé dé orí òkè Himaláyà, òun náà ló sì dójú tì mí.

Íńdíà ni mo ti ń kàwé. Nígbà ọlidé, èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan, ọmọ ibẹ̀, ń fẹsẹ̀ rìn láti abúlé dé abúlé lórí òkè, à ń wo ilé àwọn àlùfáà ẹlẹ́sìn Búdà. Èmi tí mo ti fọ́nnu pé láti kékeré ni mo ti ń gun àpáta! Mò ń mí hẹlẹhẹlẹ bí ewúrẹ́ tí wọ́n lé. Ìyá àgbà kan gbà wá sílé. Ọ̀rẹ́ mi gbọ́ èdè rẹ̀, ó ní opó ni, pé lọ́sàn-án ọjọ́ náà ni yóò gbé tíì lọ fún àwọn àlùfáà lókè, kí wọ́n lè gbàdúrà fún ọkọ rẹ̀ tó kú. Orí ń fọ́ ọ̀rẹ́ mi, ló bá lọ sùn.

Màmá rọ tíì fún mi. Iyọ̀ àti bọ́tà ló fi sè é. Ká má parọ́, kò bá mi lára mu. Síbẹ̀ mo kúnlẹ̀, mo fọwọ́ méjèèjì gbà á, mo mu ún tán. Ó rọ òmíràn. Mo tún mu ún tán. Mo ní ìyá yìí mà lawọ́ o. Ikùn mi fẹ́ bẹ́, mi ò yéé mu, òun náà ò yéé rọ, títí tó fi dojú kẹ́tù délẹ̀ tí nǹkan kan ò jáde mọ́.

Ọ̀rẹ́ mi jí, ó rí kẹ́tù.

"Ṣé o ò mọ̀ ni? Níbí, ife àlejò kì í ṣófo. Bó bá ti tó ọ, ńṣe lo máa fi í sílẹ̀ bó ṣe kún. Tíì àdúrà ọkọ rẹ̀ lo mu tán yẹn, kò sì sí bọ́tà nílé mọ́."

Ojú gbà mí tì. Màmá ò bínú. Ó gbé omi kaná, ó fi iyọ̀ sí i, ó fi ṣan ìsàlẹ̀ kẹ́tù. Mo ní èmi ni màá gbé e. Wọ́n ṣáà ní àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Èmi ru tèmi gun òkè, màmá ń dúró dè mí lọ́nà, ọ̀rẹ́ mi ń tẹ̀ lé wa.

Àwọn àlùfáà jáde pẹ̀lú ife wọn. Mo rọ omi iyọ̀ fún wọn, mi ò lè wojú ẹnikẹ́ni. Èyí tó dàgbà jù tọ́ ọ wò, ó bi màmá ní nǹkan. Màmá nawọ́ sí mi, ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń dáhùn. Ọ̀rẹ́ mi ò kọ́kọ́ fẹ́ túmọ̀ rẹ̀ fún mi.

"Ó ní láti ọjọ́ tí ọkọ òun ti kú, kò sẹ́ni tó mu tíì òun tán báyìí."

Mo wálé sí Ògìdì lóṣù tó kọjá. Ìyá mi bu kúnú fún mi, mo ṣẹ́ díẹ̀ kù. Ó bi mí pé ta ni mo ṣẹ́ ẹ kù fún.