Ẹ Pè Mí Tó Bá Tán

Èmi kì í wo fíìmù tán tẹ́lẹ̀. Bí ìyá ọkọ bá ti ń tú nǹkan láti inú bébà pélébé kan sínú ọbẹ̀ ìyàwó, mo ti dìde. Bí wọ́n bá ti gbé ọmọdé dé etí kànga, tí orin sì ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹsẹ̀ mi ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn kan ní ojo ni mí. Mi ò bá wọn jiyàn. Ṣé dandan ni kéèyàn fi owó ara rẹ̀ ra ìbànújẹ́ ni? Èyí tó wà nílẹ̀ kò tíì tó?

Ilé wa ní Kàbà ni àṣà yìí ti bẹ̀rẹ̀. Bàbá wa ti kú nígbà tí mo ṣì wà ní pírámárì, ó wá ku ìyá mi, àbúrò mi obìnrin, àti èmi. Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, bí iná bá wà, a máa ń wo fíìmù. Àbúrò mi á jókòó sílẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ ìyá wa, á gbé àwo ẹ̀pà lé itan. Ibi tí èmi ń sá fún gan-an ni òun ń dúró dè. Kí n tó mọ̀ pé mo ti fẹ́ dìde ni á ti pariwo pé, "Ẹ wò ó, Àǹtí ti ń wá bàtà!"

Màá bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, màá ṣe bí ẹni tó ń wo ìkòkò lórí iná. "Ẹ pè mí tó bá tán," ni mo máa ń wí bí mo bá ń jáde. Ìyá mi kì í jáde ní tirẹ̀. Ohun yòówù kí wọ́n ṣe nínú fíìmù, á jókòó títí orúkọ àwọn òṣèré á fi kọjá tán. Ọmọ Bùnù ni, Ayewa ni wọ́n bí i sí, àárín àwọn obìnrin tó ń hun aṣọ ló sì ti dàgbà. Ó ní ẹni tó bá fi òfì sílẹ̀ láàárín iṣẹ́, òwú á lọ́ mọ́ra wọn dè é. Bí fíìmù bá wá tán, á na ohùn sí ẹ̀yìnkùlé: "Haba! Wọlé jàre. Ọmọ náà ò kú." Kàdúná, níbi tí bàbá wa ti ṣiṣẹ́ rí, ló ti kó "haba" yẹn bọ̀.

Ọmọ náà kì í kú. Ìyàwó kì í jẹ ọbẹ̀ yẹn. Ọkọ tó lọ sí òkè òkun máa ń rántí ilé. Mo ti wọ sẹ́kọ́ńdírì kí àbúrò mi tó tú àṣírí ọ̀rọ̀ náà fún mi níbi tá a ti ń fọ abọ́. Ó ní, "Àǹtí, irọ́ ni Màmá ń pa fún yín. Ọmọ yẹn kú. Ìyá rẹ̀ kú. Ajá wọn gan-an kú."

Mo lọ bá ìyá mi. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Ṣé o fẹ́ wọlé ni, àbí o ò fẹ́ wọlé?" Mo fẹ́ wọlé. Torí náà mi ò dẹ́kun jíjáde, òun náà ò sì dẹ́kun pípa irọ́ fún mi, a sì jọ wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Lọ́dún tó kọjá, àbúrò mi kú.

Ó ti lọ́kọ nígbà náà. Ifẹ̀-Olúkòtún ni ilé ọkọ rẹ̀, ó sì ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ ní Ìsánlú. Àìsàn ọjọ́ mẹ́sàn-án péré ni. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ nípa rẹ̀, torí mi ò lágbára rẹ̀. Ilé ọkọ ni wọ́n fẹ́ sin ín sí, ìyá mi ò sì gbọdọ̀ lọ. Bí tiwa ṣe rí nìyẹn: ọmọ ní í sin òbí, òbí kì í sin ọmọ. Ìyá kì í débi tí wọ́n ti ń gbé ọmọ rẹ̀ sí ilẹ̀, kì í sì í mọ ojú oórì rẹ̀. Àwọn obìnrin àdúgbò ti jókòó yí i ká lórí ẹní láti ìdájí, wọ́n ń wí pé "Okun o, okun o," bí a ti ń kí ara wa níbí, ní inú dídùn àti ní ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ bá tán lẹ́nu.

Ìyá mi pè mí wọ yàrá. Ó ṣí àpótí rẹ̀, ó mú aṣọ ìpọnmọ rẹ̀ jáde, aláwọ̀ ẹ̀lú tó ní ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ló hun ún kí ó tó bí mi. Òun ló fi pọn èmi, òun ló fi pọn àbúrò mi, ó sì ti fọ̀ ọ́ títí ó fi rọ̀ bí etí ọmọ tuntun.

Ó ní, "Èyí ni mo fi pọ̀n ọ́n wá. Kí wọ́n fi bò ó lọ. Kí wọ́n tó de pósí, ìwọ ni kó o tẹ́ ẹ fún un, láti àyà dé ẹsẹ̀. Má fún ẹnikẹ́ni. Ìwọ ni ojú mi níbẹ̀."

Mo dì í sínú ọ̀rá, mo gbé e mọ́ àyà. A gba ọ̀nà Mọpà lọ. Títí a fi débẹ̀, mi ò gbé e sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Wọ́n gbé pósí sí àgbàlá àwọn àna wa. Pásítọ̀ gbàdúrà, ó sì ní kí ẹbí wá wo ojú rẹ̀ kí wọ́n tó dé e. A tò. Ọkùnrin kan wà tó ń ya fídíò, ó ń fò láti ìhín sí ọ̀hún bí ẹni pé ìgbéyàwó ni. Ó ku ẹni méjì kí ó kàn mí nígbà tí mo rí irun àbúrò mi. Ojú rẹ̀ kọ́ o, irun rẹ̀ lásán ni. Ṣùkú ló dì, èmi ni mo sì dì í fún un ní ọjọ́ tó wá kí wa kẹ́yìn. Ìdì irun kan ti tú díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí.

Ẹsẹ̀ mi yí padà. Mi ò pinnu rẹ̀. Ṣe ló yí padà bó ti máa ń yí látìgbà tí mo ti wà lọ́mọdé, ó sì gbé mi lọ sí ẹ̀yìn ilé, níbi tí àwọn obìnrin ti ń se oúnjẹ. Mo mú ọ̀bẹ, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ iṣu pẹ̀lú wọn. Ọ̀rá aṣọ náà wà lábẹ́ abíyá mi. Ọlọ́run ló mọ̀ pé mi ò gbàgbé rẹ̀. Ohun tí mo ń dúró dè ni kí ẹnì kan na ohùn sí mi pé ó ti tán, kí n wọlé, ọmọ náà ò kú.

Ẹnikẹ́ni ò pè mí. Ìró òòlù lórí ìṣó ni mo gbọ́. Nígbà tí mo fi sáré dé iwájú ilé, wọ́n ti ń gbé e lọ.

Mo dé Kàbà lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, ọ̀rá náà lábẹ́ aṣọ mi. Ìyá mi ò tíì fi nǹkan kan kan ẹnu láti ìjẹta. Ìbéèrè kan péré ló bi mí: "Ṣé ó bò ó dé ẹsẹ̀?"

Mo ní, "Ó bò ó dé ẹsẹ̀, Màmá."

Ó mi orí. Ó ní kí wọ́n gbé ògì wá, ó sì mu ún. Ẹ sọ fún mi, báwo ni mo ṣe fẹ́ gba ọ̀rọ̀ náà padà lẹ́nu ara mi? Iṣẹ́ tíṣà ni mo ń ṣe. Mo gbé aṣọ náà lọ sí kọ́bọ́ọ̀dù mi ní ilé ẹ̀kọ́, mo fi ìwé tí a fi ń pe orúkọ ọmọ bò ó mọ́lẹ̀. Láràárọ̀ tí mo bá ń pe orúkọ, ó ń wò mí.

Ó tó oṣù márùn-ún lẹ́yìn náà kí ọkọ àbúrò mi tó wá kí wa. Ó ti rù. Ó mú fíláàṣì kan jáde lápò, ó ní fídíò ìsìnkú náà ni, tí Màmá bá fẹ́ ẹ. Ìyá mi na ọwọ́ gbà á kí ó tó sọ̀rọ̀ tán.

Bí mo ṣe di alágbàwí àṣà ìbílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ yẹn nìyẹn, èmi tí mi ò ka àṣà kankan kún rí. Mo ní èèwọ̀ ni. Mo ní kí la máa wí fún àwọn àgbà. Ìyá mi ń wò mí. Ó ní, "Ẹsẹ̀ mi ni wọ́n ní kò gbọdọ̀ débẹ̀. Wọn ò sọ ti ojú. Àwọn tó ṣe òfin yẹn ò rí tẹlifíṣọ̀n."

Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, ó jókòó sórí àga rẹ̀, ó la ẹsẹ̀ díẹ̀ bó ti máa ń ṣe nígbà tí àbúrò mi bá wà láàárín wọn. Èmi ni mo ki fíláàṣì bọ ara tẹlifíṣọ̀n, torí kò mọ̀ ọ́n ṣe. Nígbà tí pósí yọ, mo dìde. Mo ní, "Ẹ pè mí tó bá tán."

Mo dúró ní ẹ̀yìnkùlé. Kò sí ìkòkò lórí iná. Mo gbọ́ àdúrà pásítọ̀, mo gbọ́ orin, mo gbọ́ òòlù náà lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́yìn náà mo ń gbọ́ ìró ṣíbí àti àwo, èyí tó fi hàn pé àwọn tó ń jẹun ló kàn. Síbẹ̀ kò pè mí. Ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi nìyẹn tí mo dá wọlé fúnra mi.

Kò sunkún. Ó sọ bó ṣe parí fún mi bó ti máa ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n òótọ́ ló sọ lọ́tẹ̀ yìí. "Aṣọ funfun ni wọ́n fi bò ó. Kò dé ẹsẹ̀."

Mo wólẹ̀. Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀: irun náà, iṣu, òòlù. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní, "Ibo ni aṣọ mi wà?" Mo ní ilé ẹ̀kọ́. Ó ní, "Lọ gbé e wá." Mo gun ọ̀kadà lọ, mo gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ọlọ́dẹ, mo sì gbé e dé. Ó tú u ká, ó gbé e sí imú. Ẹfun ìkọ̀wé ló ń rùn. Ó gbọ̀n ọ́n nù, ó tún gbọ̀n ọ́n nù. Ìgbà yẹn ló wá sunkún, irú ẹkún tí mi ò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí, àní lọ́jọ́ tí bàbá wa kú.

Nígbà tó dákẹ́, ó ní, "Èmi ni mo kọ́ ọ nírú irọ́ yẹn. Mo rò pé ti fíìmù lásán ni."

Mo ní kí ó dárí jì mí. Kò sọ pé òun dárí jì mí, kò sì sọ pé òun ò ní dárí jì mí. Ó ká aṣọ náà ní mẹ́rin, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Ó ní, "Ti àbúrò rẹ ti bọ́. A ò lè hú u. Òun ni kó o fi bo èmi lọ́jọ́ tèmi. Ìwọ ni kó o tẹ́ ẹ. Má jáde o."

Láti ìgbà náà, mi ò jáde mọ́. Lọ́jọ́ Àìkú, bí iná bá wà, a jọ ń wo fíìmù, àwa méjèèjì. Ìyá ọkọ ń tú nǹkan sínú ọbẹ̀, wọ́n ń gbé ọmọ lọ sí etí kànga, èmi sì di igi àga mú, mo ń kọ́ ara mi. Ìyá mi ò tilẹ̀ wo fíìmù mọ́. Èmi ló ń wò. Bó bá ti rí i pé ẹsẹ̀ mi ń wá bàtà, á gbé ọwọ́ lé mi ní orúnkún.

Á ní, "Ó ku díẹ̀."