Ọwọ́ Ìyá Fúnmiọlá Nínú Táǹkì Dísù

Ìyá Fúnmiọlá kì í rẹ́rìn-ín níbi iṣẹ́. Bí o bá gbé ẹ̀gẹ́ dé ibi ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní Ipele, yóò wo inú abọ́ rẹ, yóò wo ojú rẹ, yóò sì nawọ́ sí ibi tí ìlà parí sí. Bí iyẹ̀pẹ̀ bá wà lára ẹ̀gẹ́ náà, yóò dá a padà. Àwọn kan ní òǹrorò ni. N kò ní sọ pé irọ́ ni wọ́n pa. Ṣùgbọ́n èmi àti ìyá mi wà lórí ìlà ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ gba ẹ́ńjìnnì náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì fẹ́ kọ ohun tí mo rí, láìfi ohunkóhun kún un.

Mojíbọ́lá ni orúkọ Ìyá Fúnmiọlá gan-an. Imeri ni wọ́n bí i sí. Dominic, ọkọ rẹ̀, ló mú un wá sí Ipele. Dominic ló ra ẹ́ńjìnnì tó ń rin ẹ̀gẹ́. Nítorí àwọn olè, ó ní kí wọ́n jó táǹkì dísù mọ́ férémù irin tí ẹ́ńjìnnì jókòó lé, kí wọ́n sì ri ẹsẹ̀ férémù náà mọ́ inú kọnkéré. Kò sí ẹni tó lè gbé e kúrò láìfi iná gé e. Ihò kan ṣoṣo ló wà lórí táǹkì náà, apá tó tẹ́ẹ́rẹ́ nìkan ló sì lè gbà á wọlé.

Nígbà tí Dominic kú, ẹbí rẹ̀ pé jọ. Wọ́n ní kí ìyàwó máa lo ẹ́ńjìnnì níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì ń ṣiṣẹ́. Ọjọ́ tó bá kú mọ́ ọn lọ́wọ́, kí Rufus, àbúrò Dominic, wá gbé e. Rufus ti ní ibi tó fẹ́ gbé e sí ní Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀. Láti ọjọ́ náà ló ti ń béèrè àlàáfíà ẹ́ńjìnnì bí ẹni tó ń kí aláìsàn tó fẹ́ jogún rẹ̀.

Kí ọyẹ́ tó mú, Rufus gbé kẹ́ẹ̀gì dísù ńlá kan wá. Ó dúró láàárín àwọn obìnrin, ó ní, "Nítorí ẹ̀gbọ́n mi ni mo ṣe rà á o. Kì í ṣe nítorí ará Imeri." Ìyá Fúnmiọlá dúpẹ́ láìwo ojú rẹ̀, ó sì dà á sínú táǹkì. Òun tó ń yẹ ẹ̀gẹ́ gbogbo ayé wò, kò yẹ inú kẹ́ẹ̀gì náà wò.

Ọyẹ́ mú gan-an lọ́dún yẹn. Ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í kọṣẹ́ láàárọ̀. Bí wọ́n bá yí i, á hó díẹ̀, á sì dákẹ́. Bí oòrùn bá wá mú, á ṣiṣẹ́ bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣe é rí. Àwọn obìnrin tó ti bó ẹ̀gẹ́ láti ìdájí á dúró títí ẹ̀gẹ́ wọn á fi máa dúdú. Inú bí wọn.

"Ará Imeri, ṣé ìwọ àti ẹ́ńjìnnì ti jọ pinnu pé ẹ ò ní í jí títí di ọ̀sán ni?" Ìyá Kúlísúmù ló sọ bẹ́ẹ̀, obìnrin tó ń yan gààrí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀.

"Ẹ gbé ẹ̀gẹ́ yín lọ síbòmíràn," Ìyá Fúnmiọlá dá a lóhùn. "Ọ̀nà Ọ̀wọ̀ ò dí."

Ní òwúrọ̀ tó ṣáájú ọjọ́ ọjà, Rufus gbé ọkọ̀ akẹ́rù dé. Sylvanus tó ń jó irin wà pẹ̀lú rẹ̀, òun àti gáàsì rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Bọ̀dá," ni Ìyá Fúnmiọlá wí. Orúnkún rẹ̀ ò kan ilẹ̀.

"Ó ti kú, àbí kò kú?"

"Kò kú."

"Yí i, ká gbọ́."

Ó yí i. Ẹ́ńjìnnì wúkọ́, ó dákẹ́. Rufus rẹ́rìn-ín.

"Ìdọ̀tí rẹ ló pa á. Ẹ̀gbọ́n mi fi ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ fún ọ, o sọ ọ́ di ìkòkò àgbo. Sylvanus, tan iná rẹ!"

"Ẹni tó bá tan iná sí táǹkì tí epo wà nínú rẹ̀, irùngbọ̀n tirẹ̀ ló máa kọ́kọ́ jó," ni Ìyá Fúnmiọlá wí. "Ẹ jẹ́ kí n fọ̀ ọ́. Bí mo bá fọ̀ ọ́ tán tí kò jí, ẹ gbé e. N kò ní í sọ̀rọ̀."

Sylvanus gbé rọ́bà gáàsì rẹ̀ sílẹ̀. "Òótọ́ ló sọ, Bọ̀dá Rufus. Èmi ò fẹ́ kú sí Ipele."

Rufus da abọ́ ẹnìkan dé, ó jókòó lé e. "Ó yá, fọ̀ ọ́. Gbogbo wa là ń wò ọ́."

Ìyá Fúnmiọlá gbé agbada sábẹ́ táǹkì, ó tú nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀. Nǹkan kan ò jáde. Ó fi wáyà gún ihò náà, ohun kan sì ń yọ́ bọ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ki bí ògì. Ó gbọ́n dísù tó wà lókè. Lẹ́yìn náà, ó ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀ sókè, ó mú èépo àgbọn, ó ki apá bọ inú ihò òkè títí dé èjìká. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ irin tútù. A ń gbọ́ bí èépo àgbọn ṣe ń ha ìsàlẹ̀ táǹkì.

"Ẹ wò ó, ó ń wá ẹja," ni Rufus wí. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ìyá mi ò rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó yọ ọwọ́, ohun tó bò ó dì bí òrí, ó sì pọ́n.

"Ṣé ẹ rí i? Ìdọ̀tí!" Rufus dìde.

Ìyá Fúnmiọlá fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ra nǹkan náà títí ó fi yọ́. Ó gbọ́ òórùn rẹ̀. Ó wá gbé ọwọ́ náà lọ sí imú Ìyá Kúlísúmù.

"Kí lèyí?"

"Epo pupa," ni Ìyá Kúlísúmù wí. "Epo pupa kẹ̀! Nínú dísù?"

"Òtútù ló ń mú un dì láàárọ̀, tó ń dí ihò. Oòrùn ló ń yọ́ ọ." Ó lọ sẹ́yìn ògiri, ó gbé kẹ́ẹ̀gì tí Rufus fi gbé dísù wá, ó sì jù ú síwájú rẹ̀. "Kẹ́ẹ̀gì yín nìyí, Bọ̀dá. Ẹ wo inú rẹ̀."

Kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé Ìyá Ọláyọ̀, ìyàwó Rufus, ń ta epo pupa. Rufus wo inú kẹ́ẹ̀gì, ó rí epo pupa tó dì mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀.

"Ìyàwó mi ní òun ti fọ̀ ọ́."

"Itọ́ ló fi fọ̀ ọ́ ni?" Ìyá Kúlísúmù béèrè. Gbogbo ìlà bú sẹ́rìn-ín.

"Ṣé ẹ fẹ́ sọ pé mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni?" Rufus pariwo.

"N kò sọ bẹ́ẹ̀," ni Ìyá Fúnmiọlá wí. "Ẹ̀yin lẹ ní ìdọ̀tí ló pa á. Ìdọ̀tí ilé yín ni."

Ó gba omi gbígbóná níbi iná gààrí, ó ń dà á sí ẹ̀yìn táǹkì. Ẹnìkan kígbe pé omi ò gbọdọ̀ wọ inú dísù. "Ìta ni mò ń dà á sí, afọ́jú!" ni ó dá a lóhùn. Epo náà yọ́, ó ṣàn jáde pupa. Ó fi aṣọ gbígbẹ nu inú táǹkì, ó fi dísù mímọ́ ṣan án, ó fọ asẹ́, ó fi ẹnu fẹ́ inú rọ́bà tí dísù ń gbà dé ẹ́ńjìnnì títí ó fi là, ó tu itọ́ dúdú. Ó dè nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ padà, ó da dísù tuntun sí i, ó tú nọ́ọ̀tì kékeré ara pọ́ǹpù kí afẹ́fẹ́ lè jáde, ó ń wò ó títí dísù fi ń jáde láìhó, ó sì dè é padà. Ó wá yí i.

Ẹ́ńjìnnì jí. Èéfín dúdú bo Rufus lójú.

"Ẹ́ńjìnnì ẹ̀gbọ́n mi náà ni," ni Rufus pariwo láti inú èéfín.

"Òun náà ni. Ó sì wà níbi tí ẹ̀gbọ́n yín jó o mọ́. Ẹ má gbàgbé kẹ́ẹ̀gì yín."

Wọn ò tíì parí ìjà. Rufus kì í kọjá níbẹ̀ mọ́, bí ó bá sì gbọ́ tí ẹ́ńjìnnì dákẹ́ fún ìsinmi, á dúró lọ́nà, á tẹ́tí sílẹ̀. Ṣùgbọ́n Ìyá Ọláyọ̀ gbé ẹ̀gẹ́ wá, nítorí ibòmíràn jìnnà. Ó tò sórí ìlà. Nígbà tó kàn án, Ìyá Fúnmiọlá wo inú abọ́ rẹ̀, ó wo ojú rẹ̀, ó ṣa iyẹ̀pẹ̀ kúrò níbẹ̀ níkọ̀ọ̀kan. Kò kí i. Ó rin ẹ̀gẹ́ náà kúnná dáadáa, ó sì nawọ́ sí ẹni tó kàn.