Ọmọ Tó Ń Kàwé Díẹ̀díẹ̀

Ohùn mi ti há kí ọ̀sán tó pọ́n lọ́jọ́ yẹn. Ẹni tó bá ti kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kìíní ní ìwé kíkà ní ìlú Ìwó yìí rí á mọ ohun tí mò ń sọ. Wọ́n pọ̀ débi pé ṣe ni wọ́n ń há ara wọn mọ́ orí bẹ́ńṣì. Tí mo bá ní kí wọ́n já ọ̀rọ̀ sí wẹ́wẹ́, kí wọ́n máa pàtẹ́wọ́ sí i, bà, tà, bàtà, àfi bíi pé òrùlé fẹ́ ṣí.

Àmọ́ ariwo kọ́ ló ń dá mi lágara. Bí wọ́n ṣe jọ ń ké ìwé lórí láì wò ó ni. Ilé kéwú ni ọ̀pọ̀ wọn ti mọ nǹkan í há sórí, orí wọn sì pé, kí n má parọ́. Tí wọ́n bá ti gbọ́ ojú ìwé kan lẹ́ẹ̀mejì, ó parí nìyẹn. Ẹ dorí ìwé náà kodò, wọ́n á ṣì máa kà á lọ ràìràì. Háà! Èmi á wá máa wò wọ́n bí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ.

Ọmọbìnrin kan wà nínú wọn tí kì í lè há nǹkan sórí. Tí àwọn yòókù bá ń pariwo, ètè lásán ló máa ń mì. Òun ni mo máa ń dá dúró tí wọ́n bá ti jáde, èmi tí ẹsẹ̀ ń ro, tí ebi ń pa. Mo ní kó fi orúkọ lẹ́tà sílẹ̀, kó pe ìró rẹ̀: kó pa ètè dé, kó ṣí i, kó wá fa ìró náà mọ́ lẹ́tà a. B, a, ba. Ó gba sùúrù tí n kò ní. Ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Nígbà tó yá, kò sí ọ̀rọ̀ kúkurú tí mo kọ tí kò ní tú palẹ̀ kó sì tún un tò.

Bàbá rẹ̀, àáfà kan tó tún ń dáko, ti sọ fún mi pé bí ọmọ náà kò bá mọ̀wé kà kí wọ́n tó gba ọlidé, Kuta ló ń lọ, kó lọ máa bá ìyá àgbà bó pákí. Ọjọ́ tí mò ń wí yìí ló gun ọ̀kadà rẹ̀ wá.

"Àǹtí tíṣà, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ jẹ́ kó kà á kí n gbọ́."

Mo kúnlẹ̀ kí i, mo sì ṣí ìwé. Ọmọ fi ìka sí i. "Bà... bá... ra... bà... tà." Ó ń làágùn, inú mi sì ń dùn ṣìnkìn. Àfi bí ọmọ kíláàsì wa kan tó ń dúró de ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe gba ojú fèrèsé da ẹnu sí i, tó ka ojú ìwé náà tán pátápátá, tí kò tilẹ̀ wò ó.

Àáfà rẹ́rìn-ín. "Ẹ ò rí i? Eléyìí ló mọ̀wé. Tèmi ń kólòlò."

"Ẹ jọ̀ọ́, Àáfà, tiyín ló ń kàwé. Orí lásán ni eléyìí há a sí."

"Àǹtí, ẹni tó mọ nǹkan kì í fà á lẹ́nu. Ẹ ti gbìyànjú. Ọlọ́run á san yín lẹ́san."

Inú bí mi, ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ mí kọjá ìjà. Mo kó ìwé ọmọ sínú báàgì. Òun ò sunkún, èmi ni omi ń dà lójú mi.

Mo sìn wọ́n jáde. Bàbá gbé ọmọ jókòó sẹ́yìn ọ̀kadà, ni ìtọ̀ bá ń gbọ̀n Bàbá fúnra rẹ̀. Ó mú omi ọ̀rá kan lọ́wọ́, tí á fi ṣan ara tó bá tọ̀ tán, ó fẹ́ lọ lóṣòó sídìí ògiri ilé ìwé, níbi tí àwọn ọkùnrin àdúgbò ti máa ń ṣe é. Mo gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ni mo bá gbọ́ ohùn tín-ín-rín kan lórí ọ̀kadà:

"Ẹ... má... tọ̀... sí... bí."

Àáfà ta gìrì. "Ta ló ń bá wí?"

"Ògiri ni, Bàbá mi. Ara rẹ̀ ló wà."

Ó wo ọ̀dà pupa tí wọ́n fi kọ ọ́, ó wò mí. "Ohun tó wà níbẹ̀ nìyẹn?"

"Òun ni, Àáfà. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ ní èyí rí."

"Ó ti pẹ́ tí mo ti ń..." Ó so okùn ṣòkòtò rẹ̀ padà, ó sọ ọmọ kalẹ̀, ó sì gbé báàgì kọ́ ọ léjìká.

"Kò lọ Kuta mọ́, Àǹtí," ó ní. "Ẹ máa bá a fà á bẹ́ẹ̀."

Ló bá gun ọ̀kadà rẹ̀, omi ọ̀rá ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń wá ibòmíràn tó máa tọ̀ sí.