Iná Làsísì Tí Ojú Ò Rí

Ẹni tó bá ti pẹ́ ní òpópónà kan ní Agége á ti gbọ́ nípa ọjọ́ tí Bàbá Làsísì Onígíláàsì pe àdúgbò wá wo iná. Bàbá kó èrò wọ ṣọ́ọ̀bù ẹ̀yìnkùlé wọn, wọ́n ti fèrèsé pa, wọ́n sì pín awò ojú dúdú tí àwọn wẹ́dà fi ń jó irin fún olúkúlùkù. Wọ́n ní ẹni tí kò bá wọ awò kò gbọdọ̀ kọjá ẹnu ọ̀nà. Nígbà tí oníkálukú ti wọ tirẹ̀ tán, Bàbá tẹ bọ́tìnnì ara àpótí pákó kan tó wà lórí tábìlì.

"Ó ti tàn!"

Inú ṣọ́ọ̀bù ṣókùnkùn biribiri.

"Làsísì," ni Àlhájì Nùréènì wí, ọ̀rẹ́ wọn tó ń ta táyà lójú títì, "ó jọ pé NẸ́PÀ ti mú un."

"NẸ́PÀ kọ́. Iná tí ojú èèyàn ò lè rí ni."

"Awò yìí wá ńkọ́?"

"Kí iná náà má baà fọ́ yín lójú ni."

Nùréènì rò ó wò. "O wọ awò fún wa ká má baà rí ohun tí a ò lè rí?"

"Ẹ̀n-ẹ́n!" Inú Bàbá dùn gan-an. "Mo ti rò pé o ò ní ọpọlọ mọ́."

Láti ọjọ́ yẹn ni ẹ̀rín ti gba àdúgbò kan. Bí owó oṣù ẹnì kan bá pẹ́, wọ́n á ní ó ti wọlé, ó kàn dà bí iná Làsísì tí ojú ò rí ni. Bàbá ò bínú. Ilé iṣẹ́ ìgò kan ní Ìkẹjà ni wọ́n ti bá gíláàsì gbígbóná jà títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, ẹ̀rín ènìyàn ò sì lè jó wọn lára.

Olúgbénró, tó ń kọ́ni ní yunifásítì, ló ti mú ìyẹ̀fun kan wá fún Bàbá kí ọjọ́ yẹn tó dé, irú èyí tí wọ́n ń wà nínú ilẹ̀ tó sì ṣọ̀wọ́n. Ó ní kí Bàbá yọ́ ọ mọ́ gíláàsì, kí wọ́n fi ṣe ìlẹ̀kẹ̀ kan tó kéré ju hóró ọkà bàbà lọ, kí wọ́n sì gbé e sínú àpótí pákó. Bí ìmọ́lẹ̀ bá wọ inú ìlẹ̀kẹ̀ náà, á máa sáré yí etí rẹ̀ po bí ọmọ tó ń sáré yí ilé ká. Bó ti ń yí ni agbára rẹ̀ ń pọ̀, títí tí yóò fi já síta ní ìmọ́lẹ̀ tí ojú ò rí.

"Kí ló fẹ́ lọ ṣe níta?" ni Nùréènì bi Bàbá.

"Ó fẹ́ lọ ṣiṣẹ́. Ìwọ nìkan lo máa ń yí ilé ká láìríṣẹ́ ṣe."

Ìyẹ̀fun náà tún ní àrà tirẹ̀. Bàbá fi èyí tó ṣẹ́ kù ṣe ìlẹ̀kẹ̀ ńlá kan, Sùlíyá aránṣọ sì rà á. Nínú oòrùn, àwọ̀ elésè àlùkò ló ní. Nígbà tí Sùlíyá dé abẹ́ gílóòbù funfun gígùn inú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ ti di búlúù. Ló bá sáré padà wá.

"Bàbá, ẹ ti pààrọ̀ ẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́!"

Bàbá mú ìlẹ̀kẹ̀ náà jáde síta, wọ́n tún mú un wọlé sábẹ́ irú gílóòbù yẹn. Síta, elésè àlùkò. Inú ilé, búlúù. Wọ́n ń jáde, wọ́n ń wọlé, títí tí òógùn fi bo Sùlíyá.

"Ẹ dá owó mi padà, Bàbá. Mi ò fẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ alágàbàgebè."

"Owó wo? Àwọ̀ méjì lẹ gbé lọ, ọ̀kan lẹ san. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ti èkejì."

Sùlíyá ò tún bèèrè owó mọ́.

Sọ̀fíyàt, ọmọ Bàbá, a máa bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà á. Bàbá ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣí àpótí náà láéláé. Ẹ̀rọ kan wà tó lè rí irú ìmọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀, Olúgbénró sì ti ṣèlérí pé òun á gbé e wá, àmọ́ ó lọ kàwé sí i lókè òkun. Bàbá lu ihò kékeré kan sára àpótí de ẹ̀rọ yẹn, wọ́n sì ń dúró. Ibi tí wọ́n ti ń dúró ni ikú ti bá Bàbá.

Níbi àdúrà fídáù, Nùréènì gbọ́wọ́ sókè. "Ọlọ́run, tan iná sí sàréè Làsísì. Èyí tí ojú ń rí o!"

Àwọn ènìyàn ṣe àmín, ẹ̀rín sì pa wọ́n. Sọ̀fíyàt náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n òwe kan kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Tó bá jẹ́ pé àpótí òfìfo ni bàbá òun fi sílẹ̀ sáyé ńkọ́?

Nígbà tí Olúgbénró dé láti òkè òkun tó sì pè é lórí fóònù, díẹ̀ ló kù kí Sọ̀fíyàt sọ pé àwọn ti da àpótí náà nù. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Ó ní kó máa bọ̀.

Kí Olúgbénró tó tú ẹrù rẹ̀, àdúgbò ti kún ṣọ́ọ̀bù. Ó ki ojú ẹ̀rọ náà bọ ihò ara àpótí, ihò náà sì bá a mu rẹ́gí. Ó tẹ bọ́tìnnì Bàbá. Sọ̀fíyàt di ojú rẹ̀ pa.

Ẹ̀rín àdúgbò ló ń retí.

"Sọ̀fíyàt," ni Nùréènì wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, "lajú, ọmọ mi."

Lórí gíláàsì ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà, níbi tó ti ń fi ohun tó rí hàn, òrùka ìmọ́lẹ̀ funfun kan wà níbẹ̀, ó tín-ín-rín, ó yípo láìjá.

"Ó ń yí ilé ká," ni Sọ̀fíyàt wí. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó mí kanlẹ̀, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀ wọ̀ọ̀. Bàbá òun ò purọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀.

Nùréènì lọ síbi ìṣó ara ògiri tí Bàbá fi àwọn awò ọjọ́sí kọ́, ó mú awò dúdú kan, ó sì wọ̀ ọ́.

"Àlhájì, ẹ ò nílò ìyẹn," ni Olúgbénró wí. "Àpótí ṣì wà ní títì."

"Fi mí sílẹ̀. Làsísì ní ẹni tí kò bá wọ awò kò gbọdọ̀ kọjá ẹnu ọ̀nà." Ó gbọ́wọ́ sókè. "Ọlọ́run, tan ìmọ́lẹ̀ sí sàréè ọ̀rẹ́ mi. Ojú ì báà rí i, ojú ì báà má rí i."

Ṣọ́ọ̀bù ṣe àmín. Nùréènì ò tètè bọ́ awò náà kúrò lójú.