Orúkọ tí Mo Kọ Láìgbàṣẹ

Mo rántí ìgbà tí mo ń gbé rẹ́jísítà káńsù kiri láti Jápárá dé Òkè-Ṣópẹ́n, tí mo fi bírò há etí bí ẹni pé èmi ni mo ni gbogbo Ìjẹ̀bú-Igbó. Wọ́n ní kí àwa ọ̀dọ́ kọ orúkọ àwọn àgbàlagbà lójúlé dójúlé, kí nọ́ọ̀sì lè máa wá wò wọ́n, kí wọ́n sì máa rí oògùn gbà. Iṣẹ́ rere ni lójú mi. Ohun tí kò yé mi ni ìdí tí àwọn arúgbó fi ń wò mí bí ẹni tó wá yọ́lé wò. "A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ," ni wọ́n ń wí, wọn a sì ti ilẹ̀kùn. Ìyá àgbà tó tọ́ mi dàgbà gan-an gbé tẹ̀sùbáà rẹ̀ sílẹ̀, ó ní, "Kí wo fẹ́ fi ọjọ́ orí mi ṣe?" Nígbà tí mo yọ ọ́ lẹ́nu jù, ó ní ọmọ ogójì ọdún ni òun. Àkọ́bí rẹ̀ sì ti fẹ́ pé ọgọ́ta. Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ara fu mí sí jù lọ ni Ìyá Òyìnbó. Ó ti wá kọ́ àwọn ọmọbìnrin níwèé nílùú wa tipẹ́tipẹ́, ó fẹ̀yìn tì, kò sì padà sílé. Yàrá kan ló háyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa, Yorùbá ẹnu rẹ̀ sì dán ju tèmi lọ. Àpótí aláwọ kékeré kan wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn rẹ̀ tó máa ń wà ní dídì nígbà gbogbo. Kò sí ìwé tó ń jẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ òun sí, ìbáà ṣe ti ìjọ tàbí ti àdúgbò. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó bi mí pé, "Ta ni ìwé yìí yóò wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí o bá gbé e sílẹ̀?" Mo ní káńsù ni. "Lẹ́yìn káńsù ńkọ́?" Mo tún bi í ní orúkọ rẹ̀. Ó fún mi lómi mu, kò sọ orúkọ.

Ejò lọ́wọ́ nínú, mo wí lọ́kàn mi. Onílé rẹ̀ ní bóyá ó pa ènìyàn nílùú wọn ni. Obìnrin aránṣọ tó wà níwájú ilé ní amí ni. Èmi tí mo kàwé jù wọ́n lọ, mo gba méjèèjì gbọ́. Nígbà tí lẹ́tà kan dé fún un láti òkè òkun, tí wọ́n fi sílẹ̀ nílé wa, mo da orúkọ rẹ̀ tó wà lára àpòòwé kọ sínú rẹ́jísítà. Inú mi dùn bí ẹni tó mú olè.

Kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ tí Ìyá Òyìnbó fi wọlé wá bá ìyá àgbà, ìwé káńsù lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ti fi ẹ̀rọ tẹ orúkọ rẹ̀ sókè ìwé náà: ọkọ̀ yóò wá gbé e ní Ọjọ́bọ̀, kó múra sílẹ̀, nítorí ìlera rẹ̀ ni. Ó jókòó sórí ẹní, ó sì sọ ohun tí kò sọ fún wa rí.

Júù ni àwọn ẹbí rẹ̀, ní Jámánì. Bàbá àgbà rẹ̀ àti ìyá àgbà rẹ̀ ló tọ́ ọ. Nígbà tí ìjọba Násì bẹ̀rẹ̀ sí í fìyà jẹ àwọn Júù, wọ́n fi òun nìkan ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Àwọn fúnra wọn kò rí ọ̀nà sá. Àwọn aṣojú ìjọba náà wá mú ìwé bá wọn pé àwọn fẹ́ kó àwọn arúgbó lọ sí ìlú kan tó tura, níbi tí wọn yóò ti máa tọ́jú wọn títí ọjọ́ ikú.

"Tíṣà ni bàbá àgbà mi," ó ní. "Aládùúgbò wọn sọ fún mi lẹ́yìn ogun pé ó fara balẹ̀ kọ orúkọ àwọn méjèèjì, kí wọ́n má baà ṣì í kọ. Ìyá àgbà mi di aṣọ tó dára jù sínú àpótí. Ebi ni wọ́n bá níbẹ̀. Ibẹ̀ ni bàbá àgbà kú sí. Wọ́n mú ìyá àgbà mi lọ síbi tí wọ́n ti ń pa ènìyàn. Mo fojú mi rí ìwé tí wọ́n kọ orúkọ wọn sí. Ìwé kò sọnù, Ìyá. Àwọn ló sọnù."

Ìyá àgbà di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó rí ekòló, yóò sá," ó ní.

Ìyá Òyìnbó yíjú sí mi. "Ta ló fún wọn lórúkọ mi?"

"N ò mọ̀, Mà," mo wí. Ìyá àgbà wò mí, mo wolẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀, ọkọ̀ dé lóòótọ́. Nọ́ọ̀sì kan ló wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú páálí oògùn, kò sí nǹkan mìíràn. Yàrá Ìyá Òyìnbó ti ṣófo, àpótí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn kò sí mọ́. Ẹnìkan ní òun rí i níbi tó ti ń wọ ọkọ̀ ojú omi ní Mákùn-Omi. A kò gbúròó rẹ̀ mọ́. "Ẹ ò rí i? Mo ní amí ni," obìnrin aránṣọ wí. Mo dákẹ́. Ojú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ṣì ń tì mí dòní.

Èmi náà ti di àgbà báyìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọbìnrin kan kanlẹ̀kùn, fóònù ńlá lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń kọ orúkọ àwọn àgbàlagbà àdúgbò. Mo bi í pé ọwọ́ ta ni orúkọ náà yóò wà lẹ́yìn tirẹ̀. "Mọ́mì, fún àǹfààní yín ni," ó ní. Mo rẹ́rìn-ín díẹ̀, torí èmi náà ti sọ bẹ́ẹ̀ rí. Mo sọ orúkọ mi, mo sì ní kó fi ohun tó kọ hàn mí. Ó wá nawọ́ sí ilé kejì, níbi tí bàbá kan ń gbé tí kì í fẹ́ bá ènìyàn sọ̀rọ̀. "Wọn ò ṣílẹ̀kùn, Mà. Kí lorúkọ wọn?"

Mo mọ orúkọ náà dáadáa. Mo ní kó padà lọ kanlẹ̀kùn, kó bi bàbá fúnra wọn. Bí wọn kò bá sọ, kó má kọ ọ́.